Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Láàárín Àwọn Onímọ̀ Àrùn

Ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ jí ní Kumasi, mo sì gbà tọkàntọkàn pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ìlú náà. Mo yọ orí lójú fèrèsé, gbogbo ẹni tí mo rí ló wọ dúdú. Àwọn ọkùnrin ta aṣọ dúdú léjìká, àwọn obìnrin wọ dúdú, wọ́n fi pupa wérí, wọ́n ń rọ́ lọ ní títì bí omi tó já. Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bákan náà ni. Mo ní ó parí, ìdajì ìlú ti kú, ìdajì yòókù ló ń lọ sin wọ́n yìí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi fìlà bo imú. Kúlíkúlí tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń jẹ, omi inú búútà àlùwàlá ni mo ń mu.

Ọjọ́ kejì, onílé kan ilẹ̀kùn mi. Hausa díẹ̀díẹ̀ la fi ń gbọ́ ara wa nígbà náà. Mo bi í láti inú ilé pé ṣé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ní àrùn wo. Mo ní èyí tó pa gbogbo èèyàn lánàá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òkú lásán ni wọ́n ń ṣe, pé gbogbo Sátidé ni àwọn Asante máa ń ṣòkú, dúdú àti pupa ni aṣọ rẹ̀, oúnjẹ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ti oúnjẹ, ẹ̀rù kúrò lára mi. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, mo sunkún òkú tí mi ò mọ̀ rí débi pé àwọn ẹbí òkú ló máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún, wọ́n á ní kí n má fi ẹkún pa ara mi.

Bí mo ṣe dé Kumasi nìyẹn. Ọ̀nà tí mo gbà wá ò ní ìtàn kankan, ọkọ̀ ni. Àwọn ará wa tí ìjọba ìgbà kan lé lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ padà wá ni, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, èmi náà bá wọn yọ́ wọlé. Ọṣẹ dúdú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo ṣì ń tà ní ọjà Kejetia títí dòní. Alata ni àwọn Asante ń pe àwa Yorùbá, wọ́n sì fi orúkọ wa pe ọṣẹ náà, alata samina. Kí n tó dé ibẹ̀ ni orúkọ mi ti dé. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé baba ńlá mi ló gbé e wá, pé ọba kan fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo àpá ogun ojú rẹ̀ pa rẹ́, àwọn ìyàwó rẹ̀ ò dá a mọ̀ mọ́. Obìnrin kan bi mí pé ọba wo. Mo ní èyí tó jẹ ṣáájú èyí tó jẹ tẹ̀lé e. Ó ra mẹ́ta.

Iṣẹ́ ò pa mí. Ohun tó fẹ́ pa mí ni pé kò sí ẹni tó mọ oríkì mi. Nílé, ìyá mi ò lè jí mi láì kì mí dé orí ẹni tó tẹ ìdílé wa dó. Ní Kumasi, ariwo ọkọ̀ ló ń jí mi. Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo jẹ sààrì, kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, àti ata, mo sì ń gbọ́ ìró ẹnu ara mi bí mo ṣe ń jẹun. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi. Mo ń ki ara mi nínú balùwẹ̀, mo ń dá ara mi lóhùn. Onílé gbọ́, ó wá bá mi, ó ní òun ò gbà kí èèyàn méjì máa gbé yàrá tí òun fún ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ìlú náà ń gbà mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Twi, èdè àwọn Asante, bú èèyàn tó sì dùn ún, inú mi dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Awakọ̀ kan tó ń wa trotro, bọ́ọ̀sì akérò wọn, ló fẹ́ já mi sílẹ̀ nígbà tí a ò tíì dé Santasi, àdúgbò tí mò ń gbé. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i nípa bí orí rẹ̀ ṣe rí. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Mo wọlé, mo dín ẹyin méjì fún ara mi.

Nígbà tí fóònù dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Sáúdá, ń pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ fún un pé eku Kejetia tóbi débi pé wọ́n máa ń tò sẹ́yìn lémọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń ṣàlùwàlá?" Mo ní àwọn tó dàgbà lára wọn ń ṣe é. Á rẹ́rìn-ín tán, á ní, "Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?" Mo máa ń ní lẹ́yìn Iléyá. Mi ò sọ Iléyá ọdún wo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ràfíátù, nítorí òun ni mo ṣe mú bírò. Ọmọ ọmọ mi ni. Múńírù ọmọ mi ló bí i kó tó lọ wáṣẹ́ sí Líbíà. Múńírù máa ń pè. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, nítorí mi ò tíì rí irọ́ tó tóbi tó o. Èmi àti ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, la tọ́ Ràfí dàgbà. Kumasi ni wọ́n bí i. Ó máa ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á fi Twi parí rẹ̀, bó bá sì ń bínú, Twi náà ló máa ń gbé ṣáájú.

Mo rán an lọ sí yunifásítì kó lọ di dókítà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi Alájì Sálíù, tó ń ta ìkòkò nítòsí mi ní Kejetia, pè mí.

"Bàbá Ọlọ́ṣẹ, ṣé omi ò sí nílé yín ni?"

"Ó wà. Kí ló dé?"

"Mo rí ọmọ ọmọ rẹ lẹ́yìn ọjà. Ó ń bu omi gọ́tà sínú ìgò."

Mo ní lọ́fínńdà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fún àwọn òyìnbó. Ó wò mí, ó gbọn orí. Nígbà tí mo délé, mo pe Ràfí, mo bi í. Ó ní òótọ́ ni, ohun tí òun ń kọ́ nìyẹn. Ó ní àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú omi gọ́tà tí oògùn ò kápá mọ́, òun sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń wá. Ó fi àwòrán kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, abọ́ róbótó kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmì tó-tò-tó kún inú rẹ̀, àwọn kan funfun, àwọn kan bí àwọ̀ wúrà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìlú láti ojú sánmà. Ó ní, "Bàbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan àmì yìí, ẹgbàágbèje ni wọ́n, tí wọ́n jọ ń gbé." Mo ní SubhanAllah. Èmi tí mo ti ń fo gọ́tà yẹn kọjá láràárọ̀, mi ò kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

Lọ́dọọdún ni àwọn tó ń ṣèwádìí lórí àrùn tó ń ràn máa ń kóra jọ síbì kan. Lọ́dún yìí, Kumasi ló kàn, ní yunifásítì tó fẹ̀gbẹ́ kan àdúgbò Ayigya, níbi tí Ràfí ti ń kàwé. Ó wá bá mi ní Santasi, ó jókòó lórí ẹní mi, ó ní wọ́n ti mú iṣẹ́ òun, òun á dìde sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Obìnrin kan ń bọ̀ láti Jámánì, Bàbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Asante ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dọọdún ló máa ń mú ọmọ kan níbi ìpàdé yìí lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó lọ kàwé sí i. Ẹnì kan ṣoṣo."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kó mú mi, paa. Gan-an ni."

Ó fi ọwọ́ gbá àyà bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo kírun Àsùbáà ọjọ́ kejì, àdúrà méjì ni mo ṣe pọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n mú un. Mo ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n mú un. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe méjèèjì, mo wá fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run kó mọ bí yóò ṣe ṣe é.

Ràfí ní kí n wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí n máa wo òun. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ má purọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n máa ń wádìí." Mo ní ṣé mo máa ń purọ́ ni. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Mo wọ jalabíà funfun, mo dé fìlà tí mo fi ń lọ yídì. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so káàdì mọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kọ orúkọ mi sí i, wọ́n wá kọ "Àlejò" sábẹ́ rẹ̀ lédè òyìnbó. Ràfí ló kà á fún mi. Mo ti sin ìyàwó sí Kumasi, mo ti bímọ, mo ti rí ọmọ ọmọ níbẹ̀, wọ́n tún gbé e kọ́ mi láyà pé àlejò ni mí. Mo wo àyà àwọn tó yí mi ká. Ẹni tó wá láti Kẹ́ńyà ń bẹ, ẹni tó wá láti Bùràsíìlì ń bẹ, àwọn ará Ṣáínà ń bẹ, kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì pé ta ló ni ìlú. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Kòkòrò wo lo wà lórí rẹ̀?" Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ọjà, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Wọ́n gbé pátákó sí ìlà ìlà bí ìsọ̀ Kejetia. Wọ́n lẹ ìwé gbàǹgbà mọ́ ọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró ti tirẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń pe oníbàárà. Ìwọ lo máa rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán àwọn ohun tí ojú ò lè rí, wọ́n sọ wọ́n di ńlá, wọ́n sì lẹ́wà. Èyí tó ń fún èèyàn ní ìgbẹ́ gbuuru dà bí àgbàdo tó ní irun. Èyí tó ń jẹ ẹran ara dà bí òdòdó. Mo dúró síwájú òdòdó yẹn, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ mọ́. Ọlọ́run tó dá mi ló dá a, ó sì fara balẹ̀ dá a.

Ọkùnrin ará Kẹ́ńyà kan, tó ní irùngbọ̀n, sọ fún Ràfí kó sọ fún mi pé orí aràn kan ṣoṣo, tó ń gbé inú ojú àwọn tó wà létí odò, ni òun ti lo gbogbo ayé òun. Gbogbo ayé rẹ̀, lórí aràn kan. Mo bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ sọ sí i. Ó ní orí aràn yẹn náà ni ìyàwó òun wà, ibẹ̀ làwọn ti pàdé.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dúró tì wá, ẹ̀fọn ni tirẹ̀, ẹnu mi sì ń yún mi. Ràfí ti lọ pọnmi. Mo fi ìwọ̀nba òyìnbó mi sọ fún un pé ẹ̀fọn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà èwe mi tó tóbi débi pé adìẹ máa ń sá fún un. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà tẹ orí sún mọ́ mi. Ó ní, "Ṣé ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀? Ṣé ọ̀sán ló ń jẹni ni àbí òru? Inú omi wo ló ń yé sí?" Ojú rẹ̀ ń tàn. Kò sí ẹni tó tíì gbà mí gbọ́ tó báyẹn láyé. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó kan Ràfí, mo ti jókòó sẹ́yìn. Ọmọ náà dìde nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé, àwòrán gọ́tà Kejetia yọ lára ògiri gbàgàdà lẹ́yìn rẹ̀, gọ́tà wa, èyí tí mo mọ̀, ojú gbogbo ayé sì wà lára rẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà dé, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́rin ni mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí tí ẹni tó jókòó tì mí fi wò mí.

Ìgbà náà ni obìnrin kan dìde ní ìlà iwájú. Irun rẹ̀ funfun, ó gé e sílẹ̀ kún-ń-kún. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti Jámánì wá yẹn, nítorí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ bó ṣe gba ẹ̀rọ ohùn. Ó bi Ràfí ní nǹkan kan. Ràfí dáhùn. Ó tún bi í. Ràfí ronú díẹ̀, ó ní àwọn ò tíì mọ̀. Ìyẹn ni mo gbọ́ yéké. Obìnrin náà ò jókòó. Ó tún bi í. Ràfí tún ní òun ò mọ̀. Mo rí i tó ń fi ìka fa etí híjáàbù rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré bí ẹkún bá fẹ́ gbọ̀n ọ́n.

Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí àgbà bá ń bá ọmọ rẹ wí láàárín àwùjọ, o ò gbọdọ̀ wà lórí ìjókòó. O ó dìde, o ó ṣí fìlà, o ó bá a bẹ̀bẹ̀. Bí o bá jókòó, o ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ náà ò lẹ́nìkan. Mo dìde. Mo rin àárín gbọ̀ngàn yẹn já, orúnkún mi ń dún, mo dé iwájú obìnrin náà, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Màmá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ dárí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí èèyàn dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn tó ń wá àrùn kiri. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Kí n tó mí, wọ́n ti bò mí. Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ẹnì kan fa ìpéǹpéjú mi sókè. Ẹnì kan ní kí n yọ ahọ́n, mo yọ ọ́. Ará Kẹ́ńyà onírùngbọ̀n yẹn ń bi mí bóyá mo ti rin ìrìn-àjò láìpẹ́ yìí. Obìnrin ẹlẹ́fọn ń sọ fún wọn pé òun mọ̀ mí, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, kí wọ́n béèrè nípa ẹ̀fọn kan.

Ràfí já wọ àárín wọn. "Kò ṣàìsàn. Bàbá mi ni. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni."

"Ta ló ń bẹ̀?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí.

"Ẹ̀yin, Màmá. Ó ní kí ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

Ràfí fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Mi ò mọ ìdáhùn ìbéèrè yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Ó lóṣòó síwájú mi, pẹ̀lú irun funfun yẹn, ó sì fi Twi bá mi sọ̀rọ̀, Twi Santasi gan-an, ó pè mí ní Nana bí wọ́n ṣe ń pe àgbà. "Nana, sɔre. Ẹ dìde nílẹ̀. Nígbà tí ẹ ṣí fìlà, mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ìdúbúlẹ̀ yẹn ló rú wa lójú."

"Ẹ ń bá ọmọ mi wí ni."

"Mi ò bá a wí. Mo ń bi í ní ìbéèrè."

"Ó ní òun ò mọ̀, ẹ tún bi í. Ó tún ní òun ò mọ̀, ẹ tún bi í."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí ohun tó mọ̀ parí sí. Nana, ẹni tí a ò bá bi ní nǹkan kan níhìn-ín, òun ni kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún."

Wọ́n fà mí dìde, wọ́n fún mi ní àga ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ tẹ̀lé Ràfí, bàbá àgbàlagbà kan ni, tí gbogbo wọn ń dìde fún. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju Ràfí lọ bi í ní ìbéèrè. Bàbá náà wo òrùlé títí, ó ní, "A ò mọ̀." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń tajà láti ìgbà tí irun mi dúdú, mi ò rí i kí èèyàn ńlá sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn èèyàn yìí ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìpẹ̀kun ayé, wọ́n wá jókòó sínú yàrá kan ní Kumasi, kí wọ́n lè fi ohun tí wọn ò mọ̀ han ara wọn. Mo rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe rí àwọn ohun tí ojú ò rí nìyẹn.

Lákòókò oúnjẹ, Ràfí ò jókòó tì mí. Ó dúró síbi igi kan níta. Mo gbé ráìsì lọ bá a.

"Bàbá, ẹ ti pa mí."

"Jẹun."

"Wọ́n ti yà á sínú fóònù. Tí obìnrin yẹn bá fẹ́ mú ẹnì kan, ṣé èmi tí bàbá rẹ̀ sùn sílẹ̀ fún un ló máa mú?"

Mo kàn di abọ́ ráìsì náà mú títí ó fi gbà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wá bá mi lórí àga nígbà tó yá. Ó bi mí pé apá ibo ni mò ń gbé. Mo ní Santasi. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ó sì bi mí bóyá igi máńgò kan ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní wọ́n ti gé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe báyìí. Ó bi mí nípa obìnrin kan tó ń ta wààkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà. Mo ní ó ti kú, mo lọ síbi òkú rẹ̀, mo sì sunkún gan-an. Òótọ́ nìyẹn. Ó ní, "Nana, ẹ ti pẹ́ ní Kumasi jù mí lọ. Bí mo bá délé, àwọn ọmọ àbúrò mi máa ń pè mí ní òyìnbó." Mo wo káàdì àyà rẹ̀, wọn ò kọ àlejò sí tirẹ̀. Mo yọ tèmi, mo fẹ́ fi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀rín nìkan kọ́ ló fa omi náà.

Ọjọ́ kejì ní Kejetia, Alájì Sálíù ti ń dúró dè mí, ó ti rí fídíò náà.

"Bàbá Ọlọ́ṣẹ, o gbọ́n o. O ò fẹ́ kí ọmọ náà lọ, lo bá lọ tú ọjà rẹ̀ ká."

"Èmi? Mo bá a bẹ̀bẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ kó lọ, ò bá jókòó jẹ́ẹ́."

Mo ní kó lọ ta ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí èmi náà ò mọ èwo nínú àdúrà méjèèjì ló gbé mi dìde. Kò pẹ́ ni Ìyá Sáúdá pè. Fídíò náà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ta lo ń dọ̀bálẹ̀ fún báyẹn? Ṣé o ti kú ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí gan-an, ti aràn inú ojú, ti òdòdó tó ń jẹ ẹran ara, ti bàbá ńlá tó ní òun ò mọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó kọ háà. Ó ní ti eku tó ń kírun yẹn sàn jù, pé irọ́ mi ti ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń dàgbà.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé òpin ìpàdé náà, mo wà nílé ní Santasi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán. Ràfí ń fọ abọ́, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan tó ru páálí màlíìtì. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ràfí.

Mo mọ ohun tí ó jẹ́. Bí Asante bá fẹ́ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, ohun mímu ni wọ́n máa ń gbé wá kan ilẹ̀kùn, bí ẹbí bá gbà á, wọ́n ti yọ̀ǹda ọmọ nìyẹn. Mùsùlùmí ni mí, ó sì ti rò ó, màlíìtì tí kò ní ọtí ló gbé. Ó jókòó, ó ní, "Nana, a wá tọrọ òdòdó kan nínú ọgbà yín. Ọmọ tó mọ ibi tí ohun tó mọ̀ parí sí ni mò ń wá, mo sì ti rí i. Ó kéré tán, ọdún mẹ́rin ni. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin ni màá bi."

Ràfí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Kò wò mí.

Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ní, "Ní gbọ̀ngàn yín, ẹ máa ń béèrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Nana."

"Èmi náà fẹ́ béèrè. Ibo ló máa sùn?"

Ó sọ ọ́. Mo béèrè bóyá mọ́ṣáláṣí wà nítòsí, ó ní ó wà, àwọn Túrúkì ló kọ́ ọ. Mo béèrè bóyá wọ́n ní ata. Ó ní ata wọn ò dára, pé òun máa ń di tòun lọ láti Kejetia. Mo béèrè ẹni tó máa mọ̀ bí ara rẹ̀ ò bá yá. Ó ní, "Èmi. Ilẹ̀kùn mi ló kọjú sí tirẹ̀." Mo béèrè bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí, ó ní ó burú, kò sì fi ohunkóhun bò ó.

Ó wá ku ọ̀kan. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí Ràfí ti jókòó lórí ẹní mi.

"Ṣé yóò padà wá?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ṣẹ́jú sí i kó dákẹ́. Níta, trotro kan ń pe èrò Kejetia.

"Nana, mi ò mọ̀," ó ní. "Èmi náà sọ nígbà náà pé mò ń bọ̀."

Bó bá ṣe pé ó ní yóò padà, ǹ bá dá màlíìtì náà padà fún un. Òpùrọ́ kan ti tó ilé yìí. Ṣùgbọ́n ó wò mí lójú, ó sọ bó ṣe rí, mo sì rí i pé ẹni tó bá lè sọ ìyẹn fún mi, kò ní tan ọmọ mi jẹ.

Mo na ọwọ́, mo mú ìgò kan nínú páálí náà. Ràfí bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nu ojú, ọṣẹ tún ta sí i lójú. Mo fẹ́ ṣí ìgò náà, kò ṣeé ṣí. Mo tún gbìyànjú. Mo pe Ràfí kó wá bá mi ṣí i. Mo sọ fún wọn pé títutù màlíìtì náà ni kò jẹ́ kí ìgò ṣeé dì mú. Inú ọkọ̀ gbígbóná ni wọ́n ti gbé e wá, kò tutù rárá.